Àwẹ̀ró Onídìrí àti Ìpàkọ́ Ẹlẹ́dẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, kò yà sílé ọba, kò yà sọ́jà. Abẹ́ igi òdán ló gbà lọ, ó lọ jókòó ti Àwẹ̀ró onídìrí. Ó bá Òòrẹ̀ níbẹ̀. Ó bá Awó níbẹ̀. Ó bá Ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ó rí Ìgbín náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bọ̀, kò tíì dé.

Ẹ sún mọ́ iná dáadáa. Ìwọ tí o fi gèlè bo irun lẹ́yìn yẹn, sún mọ́ ọn ju gbogbo wọn lọ, ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ sọ.

Àwẹ̀ró ń gbé ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Etí-Odò. Láyé ìgbà náà, ẹranko ń sọ̀rọ̀, ẹyẹ ń sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì ní irun lórí. Awó ní irun. Ẹlẹ́dẹ̀ ní irun. Irun Òòrẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìgbín nìkan ni kò ní rárá. Òun náà ni wọ́n wá fi jẹ olórí àwọn onídìrí, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ń ṣe ojúsàájú.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró yá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ìyá náà kú, òòyà igi kan péré ló fi sílẹ̀. Àwẹ̀ró kò ní oko. Àwẹ̀ró kò ní ìsọ̀ lọ́jà. Òòyà yìí ló ń jẹ, òun ló ń mu, òun náà ló fi ń rántí ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá gba òòyà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Kò ku nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà ní Etí-Odò. Ẹni tó bá wá dirun kò gbọdọ̀ sọ bí òun ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ìwọ̀sí ni fún onídìrí. Onídìrí náà kò gbọdọ̀ béèrè. Wọ́n ní onídìrí tó bá ń béèrè kò mọṣẹ́. Bí o bá dé, o ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ onídìrí, o ó kọ ẹ̀yìn sí i, o ó sì dákẹ́. Bó bá parí, o ó ní, "Ó dára, ẹ ṣeun." Ìyẹn nìkan lẹnu rẹ gbà.

Òfin kan tún wà. Onídìrí tó bá ba orí mẹ́ta jẹ́, yóò ju òòyà rẹ̀ sódò, kò sì ní í fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé.

Ẹ gbọ́ ọ bí? Ẹni tí wọ́n ba orí rẹ̀ jẹ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ẹni tó bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè sọ fún gbogbo aládùúgbò! Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ẹ mọ ìlú náà.

Lọ́jọ́ kan, Òòrẹ̀ wá dirun. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó di òwú dúdú mú lọ́wọ́, ìdì mẹ́fà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló rán an ra òwú náà, aṣọ ni ìyá fẹ́ fi rán. Òòrẹ̀ gbé òwú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó jókòó. Irun pẹlẹbẹ ni Òòrẹ̀ fẹ́, èyí tó máa lẹ̀ mọ́ orí, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní í rí fà.

Àwẹ̀ró wo irun. Àwẹ̀ró wo òwú. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Irun kíkó lobìnrin yìí fẹ́. Ta ló ń gbé ìdì òwú mẹ́fà rìn lásán?"

Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é. Ẹ máa sọ pé, "Òòyà á yà."

Gbé orí rẹ fún mi,
Òòyà á yà.
Mo mohun tó yẹ ọ́,
Òòyà á yà.
Má sọ̀rọ̀, má mira,
Òòyà á yà.
Ọwọ́ ìyá mi ni,
Òòyà á yà.

Ó yà á, ó kó o. Ó fi òwú wé e láti ìdí dé òkè. Ìdì kan tán, ó mú èkejì. Èkejì tán, ó mú ẹ̀kẹta. Òòrẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo òwú ìyá ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń tán lọ. Ó yanu. Ó rántí àṣà. Ó pa ẹnu dé.

Àwọn tó ń kọjá lọ sódò kí wọn. "Ojú gbooro o!"

"Òòyà á yà o!" ni Àwẹ̀ró dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn.

Ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Gbogbo irun Òòrẹ̀ dúró ṣánṣán, ó nà sókè, ó nà sẹ́yìn. Òòrẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀kan, ó gún un.

"Ó dára," ni Òòrẹ̀ wí. "Ẹ ṣeun."

Ó gbé ọmọ, ó fẹ́ pọ̀n ọ́n. Ọmọ figbe ta. Ó tún gbé e, ọmọ tún figbe ta. Àwẹ̀ró ní, "Ebi ló ń pa ọmọ yẹn, tètè lọ fún un lọ́mú." Òòrẹ̀ gbé ọmọ sọ́wọ́, ó ń lọ, omi ń bọ́ lójú òun náà. Kò sọ fún Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n kó tó délé, ó ti sọ fún ilé mẹ́wàá.

Orí kan nìyẹn.

Kò pẹ́, Awó dé. Ọmọge ni Awó, ó ń ṣe yanga, orin a sì máa wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò kọrin. Orí ló ń yún un. Ó fẹ́ kí wọ́n tú irun òun, kí wọ́n bá òun họ orí, kí wọ́n fi àdí pa á, kí ó sinmi. Kò fẹ́ dì í rárá. Ó jókòó, ó ń họ orí kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Àwẹ̀ró wò ó. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí ń họ orí nítorí pé irun ti tú. Èyí tó le ló yẹ ẹ́, kó lè tọ́jọ́."

Ó mú òòyà. Ó bẹ̀rẹ̀ orin.

Gbé orí rẹ fún mi,
Òòyà á yà.
Mo mohun tó yẹ ọ́,
Òòyà á yà.

Ó fà á, ó dì í. Nígbà tí orin tán, ó fi ìtàn tẹ̀ lé e. Ẹ ẹ̀ mọ àwọn onídìrí ni? Ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́, ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọkùnrin kan wà ládùúgbò tó máa ń fi ẹran ọbẹ̀ pamọ́ sábẹ́ fìlà, kí ìyàwó má baà rí i.

"Ṣìì!" ni Awó wí, nítorí pé ó dùn ún wọ egungun.

"Àbí o ò rí i?" ni Àwẹ̀ró wí. "Ìwà burúkú gbáà!" Ó fà á le sí i.

"Ṣìì!"

"Ọbẹ̀ ń kán sí i létí, ó ní òógùn ni!"

"Ṣìì! Ṣìì!"

Inú Àwẹ̀ró dùn pé ìtàn òun wọ ọmọ náà lára. Ó yọjú wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí omi lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ aláàánú. Ìyàwó náà ti kọ ọkùnrin yẹn sílẹ̀, má sunkún mọ́." Ó tún fà á.

Nígbà tó parí, ìpéǹpéjú Awó ti fà sókè, kò lè ṣẹ́jú.

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n mi," ni Awó wí. "Ẹ ṣeun."

Ní ọjọ́ kìíní, orí ń fọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹta, irun já kúrò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ku ẹyọ kan. Orí rẹ̀ ń dán. Igbe tí Awó ti gbé mì lábẹ́ igi òdán wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. "Ó le jù! Le jù! Le jù! Le jù!" Ó ń sáré kiri inú igbó, ó ń ké e.

Orí kejì nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wá sábẹ́ igi òdán mọ́. Àwẹ̀ró a gbá ilẹ̀, a gbé àpótí síta, a fi àdí sí ẹ̀gbẹ́, a jókòó. Ojúmọ́ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú. Ó ní bóyá wọ́n wà lóko. Wọ́n ti oko dé, wọn kò yà. Ó ní bóyá àìsàn ló wọ̀lú. Ó rí wọn lódò, wọ́n ń jó, wọ́n ń yọ̀. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kò mọ ohun tí òun ṣe.

Lọ́jọ́ kan ló rí nǹkan tó ń wọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbín ni.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Àgbà. Ìgbà wo lẹ ti gbéra?"

"Ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Òòrẹ̀ ni mo gbéra," ni Ìgbín wí. "Ojú ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ti Awó. Àwẹ̀ró, orí méjì ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ku ẹyọ kan."

Àwẹ̀ró dìde dúró. "Orí ta ló bàjẹ́? Òòrẹ̀ ní ó dára! Awó ní ó dára! Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ!"

"O gbọ́ ẹnu wọn. Ṣé o rí ojú wọn?"

Àwẹ̀ró tún jókòó sórí àpótí.

"A kì í fá orí lẹ́yìn olórí," ni Ìgbín wí. "Ìwọ, olórí wà níwájú rẹ, o ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Èmi ń dúró dè ọ́ níhìn-ín. Bí mo bá padà sílé, ọmọ rẹ ni n óò bá níhìn-ín nígbà tí mo bá tún dé." Ó gun ara igi òdán díẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó fà wọnú ìkarahun.

Àwẹ̀ró lọ sí ihò Òòrẹ̀. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ ń rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Òòrẹ̀, ṣé òótọ́ ni pé mo ba orí rẹ jẹ́?"

Òòrẹ̀ wolẹ̀. "Irun pẹlẹbẹ ni mo fẹ́. Òwú yẹn, ìyá ọkọ mi ló ni ín."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tí ìwọ náà kò bi mí?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Àwẹ̀ró ní kó jókòó kí òun tú u. Ó tú, ó tú, ó tú, kò tú. Òwú ti wọ irun, irun ti wọ òwú, ó ti le bí igi. Ó ti ń kúrò lórí, ó ti ń bo ẹ̀yìn. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún.

"Má sunkún mọ́," ni Òòrẹ̀ wí. "Èmi náà ti sun ún tó. Ọmọ mi kò lè gun ẹ̀yìn mi mọ́, ìyẹn dùn mí, n kò ní í purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹkùn ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó fò mọ́ mi, ó fọwọ́ gbá irun tó ti di ẹ̀gún yìí. Ó ké, ó sá, kò tíì padà wá." Ó fa ọmọ mọ́ra níwájú. "Ẹ̀gún yìí ti wúlò fún mi. Àmọ́ kì í ṣe òun ni mo wá gbà lọ́wọ́ rẹ."

Ìdí nìyẹn tí òòrẹ̀ fi ń ru ẹ̀gún títí di òní, tí ọmọ rẹ̀ fi ń rìn lẹ́sẹ̀, tí ẹkùn pàápàá sì ń yà fún un lọ́nà.

Àwẹ̀ró wá Awó lọ sínú igbó. Bí Awó ti rí òòyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò sókè. "Le jù! Le jù!"

Àwẹ̀ró fi òòyà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i. "Mo jẹ̀bi. Mo gbọ́ igbe rẹ, mo pè é ní nǹkan mìíràn. N kò lè dá irun padà fún ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ojú máa tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́." Ó tú aṣọ àdìrẹ tó ró, èyí tó dára jù nínú ẹrù rẹ̀, dúdú minimini tí àmì funfun kéékèèké kún inú rẹ̀. Ìró kékeré abẹ́ ló kù lára rẹ̀. Ó da àdìrẹ náà bo Awó lára.

Awó wo aṣọ. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún. Ó gba ọ̀nà odò lọ, ó ń ṣe yanga, orí rẹ̀ ń dán, aṣọ rẹ̀ ń dán. Títí di òní, awó kò nírun lórí, ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn ẹyẹ ló ní irú aṣọ rẹ̀?

Àwẹ̀ró padà sábẹ́ igi òdán. Ó jókòó, ó fi òòyà lé itan. Ẹ̀rù bà á gan-an. Orí kan ṣoṣo ló kù.

Àfi bí Ẹlẹ́dẹ̀ ṣe dé, tòun ti ẹrẹ̀ lára. Ìyá arúgbó ni. Ó ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀.

"Onídìrí, mo kí ọ o. Lọ́la ni wọ́n ń gbé ọmọ mi obìnrin relé ọkọ. Onídìrí mẹ́ta ni mo lọ bá. Èkíní ní mo dọ̀tí. Èkejì ní irun mi le. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dá mi lóhùn, ó fi ìgbálẹ̀ lé mi. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ kò sí èrò."

Ìgbín yọ orí nínú ìkarahun. "Àwẹ̀ró, o lè kọ̀. Onídìrí tí kò bá dirun, kò lè ba orí jẹ́. Òòyà rẹ á wà lọ́wọ́ rẹ títí tí o ó fi kú."

Àwẹ̀ró wo òòyà. Òótọ́ ni. Bó bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Á máa gbé e kọ́ sára ògiri, á máa wò ó. Ó wo Ẹlẹ́dẹ̀, ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ń relé ọkọ lọ́la, tí gbogbo ìlú ti lé. Ó ní, "Ìyá Àgbà, òòyà tí kò wọ irun, igi ìdáná ni."

Ó pọn omi, ó wẹ orí Ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, títí omi fi mọ́. Ó ní kí ó jókòó. Ẹlẹ́dẹ̀ jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Àwẹ̀ró gbé òòyà sókè. Ó ti rí i nínú ọkàn rẹ̀ ohun tó yẹ ìyá arúgbó. Ó ku kó yà á.

Kò yà á. Ó dìde lórí àpótí. Ó yí lọ síwájú, ó lọ lóṣòó síwájú Ẹlẹ́dẹ̀, ó wò ó lójú. Láti ọjọ́ tó ti ń dirun, kò wo ojú ẹni tó ń dirun fún rí kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n dì í?"

Àwọn tó ń ti odò bọ̀ dúró. Omi dà nù lórí ẹnì kan. "Ó béèrè! Ó tún ń béèrè! Kò mọṣẹ́!"

Àwẹ̀ró kò wò wọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń wò. Omi lé ròrò sójú Ẹlẹ́dẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," ni Ẹlẹ́dẹ̀ wí, "'Kúrò níbí' ni wọ́n ń sọ fún mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí ní ohun tí mo fẹ́." Ó fa imú. "Ó dáa, n óò sọ ọ́. Gbogbo yín, iwájú lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ irun. Iwájú lẹ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dára fún ẹni tó ń gbé orí sókè. Èmi, ilẹ̀ ni mo ń wò, ibẹ̀ lóúnjẹ mi wà. Ta ló ń rí iwájú mi? Ìpàkọ́ mi ni ayé ń rí. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ti ìpàkọ́ dì í bọ̀ wá síwájú."

Àwẹ̀ró kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ó ní, "N kò ṣe é rí o. Ẹ máa bá mi sọ ọ́ bí a ṣe ń lọ."

Ó padà sórí àpótí. Ó tẹ orí Ẹlẹ́dẹ̀ síwájú, ó fi ṣóńṣó òòyà kan ìpàkọ́. Orin tó bọ́ sí i lẹ́nu yàtọ̀. Ẹ tún bá mi gbè é.

Sọ fún mi kí n tó yà á,
Òòyà á yà.
Ìwọ lo lorí rẹ,
Òòyà á yà.
Bó bá le, kígbe sí mi,
Òòyà á yà.
Ọwọ́ tèmi nìyí,
Òòyà á yà.

Ó la ọ̀nà kìíní. "Ṣé ó le?"

"Ó le díẹ̀."

Ó dẹ̀ ẹ́. Ó la ọ̀nà kejì. "Èyí ńkọ́?"

"Ó dáa. Máa lọ."

Ó la ọ̀nà kẹta. Àwọn tó ń ti odò bọ̀ ti sọ omi kalẹ̀, wọ́n ń wò. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tó parí, Ìgbín sọ̀ kalẹ̀ lára igi. Gbogbo wọn dúró dè é títí ó fi dé ilẹ̀. Ó wo ìpàkọ́ Ẹlẹ́dẹ̀. Ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Ó ní, "Èmi kò nírun, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀, ìwọ lo lorí. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyí?"

Ẹlẹ́dẹ̀ mi orí. "Rárá."

Háà! Gbogbo ènìyàn di ẹnu mú. Ẹnì kan ti ń wo apá odò.

"Rárá," ni Ẹlẹ́dẹ̀ tún wí. "Èyí tó wà létí ọ̀tún wọ́. Ó ń fà mí létí. Àwọn yòókù dára."

Ẹ mọ ohun tí Àwẹ̀ró ṣe? Ó rẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Òòrẹ̀ ti sọ fún un pé ó dára. Awó ti sọ fún un pé ó dára. "Ó dára" méjèèjì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òòyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé "rárá" fún un nìyí, ó sì sọ ọ́ nígbà tí òòyà ṣì wà lọ́wọ́, tí irun ṣì ṣeé tú.

"Ẹ ṣeun, ìyá mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ padà jókòó."

Ó tú ìlà etí ọ̀tún. Ó tún un yà. Ó tún un dì, ó rọra dì í.

"Ńkọ́ báyìí?"

Ẹlẹ́dẹ̀ mirí lọ, ó mirí bọ̀. Ó yọ eyín. "Báyìí ló ṣe dára."

Ìgbín gbóhùn sókè, ohùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Etí-Odò. Orí kẹta kò bàjẹ́. Láti òní lọ, ẹni tó lorí yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni òòyà yóò béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó bá sì sọ pé ó dára lójú onídìrí, tó wá lọ ń sọ pé kò dára láàárín àdúgbò, òun ló ba orí ara rẹ̀ jẹ́."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tẹrí ba sídìí abọ́, ó ń jẹun, kò gbójú sókè. Gbogbo àlejò rí ìpàkọ́ rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọn kò lè mú ojú kúrò. Àwọn tí kì í bá a jẹun tẹ́lẹ̀ sún àpótí mọ́ ọn, kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, abẹ́ igi òdán kún. Obìnrin kan jókòó. Àwẹ̀ró yí lọ síwájú rẹ̀, ó ní, "Báwo lo ṣe fẹ́ ẹ?" Obìnrin náà wá ọ̀rọ̀ tì. Irun kò lórúkọ nígbà yẹn, irun ni irun. Ó rò ó, rò ó, ó ní, "Irú ti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn." Orúkọ ti dé nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n kó gbogbo tòun jọ sí àárín orí, wọ́n pè é ní ṣùkú. Òmíràn ní kó ti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ìdí rẹ̀ má hàn rárá, wọ́n pè é ní kòlẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń pọ̀ sí i.

Ìdí nìyí tí gbogbo irun fi ní orúkọ títí di òní. Ìdí nìyí tí onídìrí gidi kì í fi í ya irun kó tó béèrè. Ìdí nìyí tí o fi lè jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ, kí o ní, "Ẹ dákun, ó le, ẹ dẹ̀ ẹ́," tí kò sì ní í bínú. Bó bá bínú, kò tíì gbọ́ àlọ́ yìí ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí ẹnu mi má lè dún lẹ́ẹ̀kan. Bí n kò bá parọ́, ẹ tẹ́tí gbọ́ ọ bó ṣe ń dún: pó, pó, pó. Ó yá, ìwọ tí o fi gèlè borí, tú u. Sún mọ́ ìyá rẹ kí o sọ bí o ṣe fẹ́ ẹ.